Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ń tẹ̀ síwájú lójoojúmọ́ nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan?

BàbáAkọ̀wé:

Ẹ kú ojúmọ́ o gbogbo ilé. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi mú sùúrù. Ọmọkùnrin mi wà ní prámárì, kíláàsì karùn-ún, láti ìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ bó ṣe ń ṣe sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ya tébù kan sínú Excel, ìṣirò, ìwé kíkà, sáyẹ́ǹsì, ìtàn, jọ́gíráfì àti èdè, tó bá ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀ tán màá bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá mẹ́wàá lórí ohun tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà, iye tó bá gbà ni mò ń kọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà màá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ màá pín in kí n lè ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọjọ́ yẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tí tébù yìí ń sọ ò yé mi mọ́. Ìṣirò ń lọ sókè sódò, lónìí 9, lọ́la 5, lọ́tunla 8. Ìwé kíkà ò kúrò lójú kan, 7 ni ṣáá. Sáyẹ́ǹsì ní tiẹ̀, 10 léraléra, àmọ́ nígbà tí tíṣà ṣe tẹ́ẹ́sì àárín sáà fún wọn, sáyẹ́ǹsì gan-an ló ti fìdí rẹmi jù. Ìyá ẹ̀ ní kí n jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, pé ọmọ náà kì í tíì bọ́ bàtà tó fi ń béèrè pé "mélòó ni màá gbà lónìí". Èmi ò sì fẹ́ jáwọ́ torí n ò fẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí èsì ìparí sáà bá dé ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ máa ń kọ sílẹ̀ gan-an? Ṣé ọ̀nà kan náà la lè gbà wọn gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì ni?


TíṣàOníṣirò:

Ẹ ǹlẹ́ sà, ẹ kú àbójútó ọmọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ ọmọ ní ìṣirò, nǹkan tí mo sì máa kọ́kọ́ bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ pa ibi tẹ́ ẹ ti ń ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ yẹn rẹ́. 7 tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́ kan lè jẹ́ pé ó gba 9 nínú ìtàn ó gba 5 nínú ìṣirò, ó sì lè jẹ́ 7 àti 7, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe sí ti àkọ́kọ́ ò jọ ti ìkejì rárá, nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn ti bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ká wá wo ìṣirò tó ń lọ sókè sódò. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ fún un ní 52 − 37, ó kọ 25. Ẹ̀yin máa fàlà sí i, ẹ máa kọjá lọ. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe dé ibi 25 yẹn: ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó rí 2 àti 7, ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó ku 5. Ó wo ọwọ́ òsì, ó yọ 3 kúrò nínú 5, ó ku 2, ló bá kọ 25. Kò yá 1 lọ́wọ́ 5 kí 2 lè di 12, ìdáhùn tó yẹ kó kọ ni 15. Ọmọ yìí ò gbàgbé nǹkan kan o, òfin kan wà lórí ẹ̀ tó ń tẹ̀ lé tí kì í yẹ̀ ẹ́: èyí tó kéré ni kí n yọ kúrò nínú èyí tó tóbi, ì báà jẹ́ òkè ló wà tàbí ìsàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fún un ní 86 − 34 á gbà á, 79 − 25 á gbà á, torí pé kò sí yíyá níbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ìbéèrè kan péré ló gba yíyá nínú mẹ́wàá tẹ́ ẹ bi í lónìí, 9 ló máa gbà. Tó bá di ọ̀la tí márùn-ún gba yíyá, 5 nìyẹn. Ọmọ ò yí padà sà, ìbéèrè ló yí padà.

Àwọn ọkùnrin méjì kan ní Amẹ́ríkà, John Seely Brown àti Richard Burton, kọ̀wé lórí irú èyí lọ́dún 1978, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ọmọdé ń ṣe nínú ayọkúrò kì í ṣe àìfarabalẹ̀, ọ̀nà tí kò tọ́ kan ló wà tí wọ́n ń tọ̀ létòlétò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìdá. Ọmọ tó bá kọ 1/2 + 1/3 = 2/5, ó ro òkè mọ́ òkè ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ni. Ẹ má tíì sọ fún un pé kò gbà á, ẹ kàn bi í pé nínú 2/5 àti 1/2 èwo ló tóbi, ẹ jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ rí i pé òun ro nǹkan mọ́ 1/2, ó wá kéré sí i.

Ẹ lọ gbé ìwé ẹ̀, ẹ wo èyí tó ṣì nìkan, ẹ wò ó bóyá wọ́n jọra. Bí wọ́n bá jọra, ohun tẹ́ ẹ máa kọ sínú tébù ni "yíyá ò tíì yé e". Gbólóhùn yẹn á wúlò fún yín ju 5/10 lọ.


ÌyáOníwèé:

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ti ìwé kíkà ni mo fẹ́ dá sí torí òun ni mo ti jà fún jù lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tèmi. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ rí ìyàtọ̀ lójoojúmọ́ nínú ìwé kíkà, kì í yára bẹ́ẹ̀. Hasbrouck àti Tindal tí wọ́n ń ka iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé ìwé ń kà sókè láàárín ìṣẹ́jú kan ní Amẹ́ríkà gbé òǹkà wọn jáde lọ́dún 2017, ọmọ kíláàsì karùn-ún tó wà láàárín ń ka ọ̀rọ̀ 121 tí ọdún ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ó ń ka 146 tó bá ń parí lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn o, n ò ní kẹ́ ẹ gbé e wọ èdè mìíràn. Ẹ wá wò ó, ọ̀rọ̀ 25 ló fi gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ fi kún un, kò tó ọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fún ọmọ kan náà ní ojú ìwé tó rọrùn lónìí, tẹ́ ẹ fún un ní èyí tó le lọ́la, ìyàtọ̀ tí ìyẹn máa mú wá á ju èyí tí ọ̀sẹ̀ kan lè mú wá lọ fíìfíì. Kí wá ni 7 yín yẹn fẹ́ ṣe tí kò ní dúró lójú kan?

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kí ìwé tẹ́ ẹ bá lò jẹ́ èyí tí líle ẹ̀ dọ́gba. Ẹ jókòó tì í, kó kà á sókè, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ tiyín, ọ̀rọ̀ tó bá fò tàbí tó pè bí òmíràn ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sí i nísàlẹ̀, ẹ má dá a dúró, ẹ má tún un ṣe fún un. Tó bá kà á tán ẹ pa ìwé dé, kó sọ ohun tó kà fún yín lẹ́nu ara ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà jù. Mo mọ ọmọ tó ń kà á geere, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ ẹ máa ní ó ti parí, ẹ wá bi í pé kí ló dé tí ọmọbìnrin inú ìtàn yẹn ò fi padà sílé, á máa wo ojú yín. Ẹ tún wo fàlà tẹ́ ẹ fà yẹn, tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gígùn ló ń fò ní gbogbo ìgbà, tó kàn ń wo lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ tó ń méfò ìyókù, ẹ ti rí iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe nìyẹn.


Òtítọ́Korò:

Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí ẹ má dẹ́rù ba bàbá yìí jàre. Òbí mélòó ló ń jókòó ti ọmọ lálẹ́? Àwọn kan ò mọ kíláàsì tọ́mọ wọn wà. Èmi gbà pé kí nọ́ńbà wà, ọmọ gan-an máa ń fẹ́ rí i pé òun ń lọ sókè. Àmọ́ ọgọ́ta ìbéèrè lálẹ́ ọjọ́ kan, háà, bàbá, èmi àgbà máa sá kúrò nílé yín.

Nǹkan tó ṣe é kà lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa kà lójoojúmọ́, bíi sípẹ́lì àti táímù tébù. Ẹ wo táímù tébù láti 1 dé 10, ìdáhùn 100 ló wà níbẹ̀ tó ń já ọmọdé láyà. Ṣùgbọ́n 7 × 8 àti 8 × 7 nǹkan kan náà ni, tẹ́ ẹ bá yọ èyí tó tún ara ẹ̀ ṣe, ó ku 55. Ẹ yọ ti 1, ti 2, ti 5 àti ti 10 tí gbogbo ọmọ máa ń tètè mọ̀, 21 péré ló kù. Ẹ kọ 21 yẹn sára páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, èyí tó bá ti dáhùn láìronú, láìfi ìka kà, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ÒUN FÚNRA Ẹ̀ fi bírò pa á. Ọmọ tó rí i pé mẹ́fà péré ló kù ò tún nílò kẹ́ ẹ máa bá a pariwo. Mi ò tíì rí ọmọ tó yára pa 7 × 8 ṣá, òun ló máa ń gbẹ̀yìn.


Ọmọ_Yunifásítì:

Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin àgbà. Sáyẹ́ǹsì tó ń gba 10 nílé tó wá ṣubú ní tẹ́ẹ́sì yẹn ló mú mi dá sí i, torí mo rò pé mo mọ ohun tó fà á. Bàbá, ẹ ní lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ gan-an lẹ ń bi í. Ohun tó gbọ́ láàárọ̀ ṣì gbóná lórí ẹ̀ nígbà yẹn, kò tíì ráyè gbàgbé. Ọkùnrin kan ní Jámánì, Hermann Ebbinghaus, tó fi ara ẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, tó ń há àwọn sílébù tí ò ní ìtumọ̀ sórí tó sì ń wò ó bí wọ́n ṣe ń lọ, kọ ohun tó rí jáde lọ́dún 1885: wákàtí àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ ń lọ, lẹ́yìn náà ìgbàgbé wá rọra ń falẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, di ọ̀sẹ̀ kejì, ìyẹn ni tẹ́ẹ́sì ń béèrè, 10 ti alẹ́ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Èkejì, ọmọ yín lè máa tún nóòtì ẹ̀ kà kó tó jókòó síwájú yín. Lọ́dún 2006 àwọn olùṣèwádìí méjì kan ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kà, wọ́n ní káwọn kan tún un kà, wọ́n ní káwọn kan pa á dé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n fipá rántí ló rántí jù. Àwa náà tá a wà ní yunifásítì là ń kó sí pańpẹ́ yìí, ẹ máa rí ẹni tó fi àwọ̀ ofeefee kun gbogbo ìwé ẹ̀, tó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n torí ojú ẹ̀ ti mọ ojú ìwé yẹn.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ èmi, n ò ní béèrè ti òní lónìí. Màá béèrè ti àná, màá mú méjì látinú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màá mú ọ̀kan látinú ti oṣù tó kọjá. Ẹ tiẹ̀ lè lo àpótí Leitner, Jámánì ni Leitner náà ti ṣiṣẹ́, oníròyìn ni, 1972 ló kọ ìwé tó ti ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè sí iwájú káàdì, ìdáhùn sí ẹ̀yìn, ẹ pín àpótí sí ihò márùn-ún. Gbogbo káàdì bẹ̀rẹ̀ láti ihò kìíní, èyí tó bá gbà á bọ́ sí ihò tó kàn, èyí tó bá ṣì á padà sí ihò kìíní bó ti wù kó ti jìnnà tó. Ihò kìíní lójoojúmọ́, ihò kejì lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń falẹ̀ lọ. Ibi tí káàdì wà ni àkọsílẹ̀ yín, ẹ ò tún nílò Excel fún ìyẹn mọ́.


BàbáAkọ̀wé:

Ẹ ṣeun gan-an ni o. Mo lọ gbé ìwé ìṣirò ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èyí tó ṣì ló jọra, àwọn kan wà tó jẹ́ pé 6 ló kọ tó wá kà á bí 0 nígbà tó dé ìlà kejì, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé ni. Àmọ́ ìyókù, TíṣàOníṣirò, ó dà bí ẹni pé ẹ wà nílé wa. 302 − 148, ó kọ 246! Mo fi ìka tẹ̀ lé e bẹ́ ẹ ṣe ṣe é yẹn, 8 àti 2, 6. 4 àti 0, 4. 3 àti 1, 2. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi, ó ṣàlàyé ẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú débi pé díẹ̀ ló kù kí n gbà fún un.

Ọmọ_Yunifásítì, àbúrò, òótọ́ lo sọ, nóòtì ló máa ń kà kó tó wá bá mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní ìbéèrè lórí sáyẹ́ǹsì àti ìtàn. Ìbéèrè tí mò ń bi í, bó ṣe wà nínú ìwé ni mo ṣe ń bi í, "kí ni photosynthesis", ìyẹn bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, á dá mi lóhùn láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Tí mo bá bi í lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tó ṣì tún sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn?


Arábìnrin_Láàbù:

Rárá o sà. Ó lè há a sórí fún ọdún kan kó má mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé. Ẹ mú un lọ sídìí igi ńlá kan, ẹ ní: nígbà tí igi yìí jẹ́ kóró, ó kéré ju èékánná ẹ lọ, níbo ni gbogbo igi yìí ti wá? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ "photosynthesis" lórí máa dáhùn pé látinú ilẹ̀ ni, àgbà tó kàwé gan-an ń sọ bẹ́ẹ̀.

Jan Baptist van Helmont, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan láyé ọjọ́un, ti wọn èyí wò, iṣẹ́ ẹ̀ sì jáde lọ́dún 1648 lẹ́yìn ikú ẹ̀. Ó gbin igi willow tó wọn pọ́n-ùn 5 sínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tó wọn pọ́n-ùn 200, omi nìkan ló ń bù sí i fún ọdún 5. Igi di pọ́n-ùn 169. Iyẹ̀pẹ̀ tó tún wọ̀n, nǹkan bí ìwọ̀n ounce 2 péré ló dín. Ó parí ẹ̀ sí pé omi ló di igi. Ibẹ̀ ló ti ṣì í, torí pé láti inú afẹ́fẹ́ ni èyí tó pọ̀ nínú igi gbígbẹ ti ń wá, carbon dioxide tí ewé ń fà tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń bá a dà pọ̀ mọ́ omi. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọ yín títí dé ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ò ti dín, kẹ́ ẹ dákẹ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tó gbé 164 yẹn wá. Tó bá lè mú photosynthesis tó há sórí yẹn jáde láti fi dáhùn, ó ti yé e nìyẹn. Tí kò bá lè mú un jáde, 10 tẹ́ ẹ fún un tẹ́lẹ̀, máàkì àkọ́sórí ni.

Ti ìtàn ò jìnnà sí i. Kó mọ̀ pé 1914 ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ dáa, kó mọ̀ pé wọ́n yìnbọn pa Franz Ferdinand, àrólé ọba Austria-Hungary, ní Sarajevo lóṣù kẹfà ọdún yẹn náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ bi í pé kí ló dé tí ikú ẹnì kan ní Sarajevo fi kó Jámánì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sógun. Jọ́gíráfì ẹ kàn fún un ní bébà òfìfo kó ya àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ láìwo ìwé, ẹ máa tọ́jú bébà yẹn pẹ̀lú déètì, ẹ tún ní kó yà á lóṣù tó ń bọ̀.


Òtítọ́Korò:

Iṣẹ́ ti wá pọ̀ ju ọgọ́ta ìbéèrè lọ báyìí o 😂 Ẹ sọ fún wa, ìgbà wo ni ọmọ máa ṣeré?


TíṣàOníṣirò:

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ò pọ̀ sí i, ó dín ni. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì méjì lálẹ́ ọjọ́ kan, ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó tán. Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kẹ́ ẹ dà wọ́n pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fún un ní ayọkúrò mẹ́wàá léra wọn, ó ti mọ ohun tó máa ṣe kó tó ka ìbéèrè kejì. Ẹ fi ayọkúrò kan, pínpín kan, ìdá kan, kó jẹ́ pé òun ló máa kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jẹ́. Nọ́ńbà ẹ̀ máa kọ́kọ́ wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyá ẹ̀ mọ̀ ṣáájú kí wọ́n má bàa fi bá yín jà. Bó bá sì tún béèrè mélòó ni òun máa gbà, ẹ ní kó kọ́kọ́ sọ èyí tó rò pé òun máa ṣì fún yín, ọmọ tó bá lè mọ èyí tóun ò mọ̀ ti rìn jìnnà.

Ti 302 − 148 yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Odo tó wà láàárín ń jẹ́ kó yá lẹ́ẹ̀mejì, ó ti le jù fún ẹni tí yíyá ẹ̀ẹ̀kan ò tíì yé. Ẹ padà sí 52 − 37. Ẹ fún un ní igi ìṣáná, kó di í ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì, ẹ ní kó kó 37 fún yín. Á kó ìdì mẹ́ta, á dé ibi ẹyọ méje, á rí i pé méjì péré ló wà nílẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ tú ìdì kan. Tó bá ti ń ṣe ìyẹn láìṣiyèméjì, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe ń tú u, ẹ wá padà wá sọ bó ṣe lọ fún mi kí n lè fún yín ní èyí tó ní odo.